Ìbòòji Ìyá Àgbà

Ẹ bá mi kí sìmẹ́ńtì, ọba àwọn àgbàlá Ìjẹ̀bú-Òde! Lọ́jọ́ tí tiwa gbẹ, bàbá mi bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni. Ó ń dán yinrin. Ewé kan ò gbọdọ̀ já lé e. Kò tilẹ̀ sí ibi tí ewé yóò ti já mọ́.

Igi àgbálùmọ̀ mẹ́ta ìyá bàbá mi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún, tí èso bá ti tán, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò wá ẹni tí yóò gùn wọ́n. Òun á dúró nísàlẹ̀, á máa fi ọ̀pá tọ́ka.

“Gé èyí tó gbẹ yẹn. Àti èyí tó nawọ́ sí òrùlé. Ó tó! Ṣé irun orí lò ń fá ni?”

Èmi á máa ṣa ẹ̀ka jọ fún ìdáná, oje funfun á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní igi tí a bá ń tọ́jú kì í wó lulé. Òun ló ń bá ilé gba ìjì. Lábẹ́ wọn ló ti ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án, kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ní àwọn ọdún 1980 yẹn, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀.

“Màmá, àwọn igi yìí ò jẹ́ kí ará ọ̀nà rí ilé wa.”

“Ṣé ará ọ̀nà ló ń sùn níbẹ̀ ni?”

Ìyá àgbà lọ kí ẹbí ní Ayépé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó dé, wọ́n ti gé igi, wọ́n ti da sìmẹ́ńtì. Ó gbé àpótí ìjókòó àti ẹ̀gúsí rẹ̀ jáde, ó jókòó síbi tí ìbòòji wà tẹ́lẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Oòrùn yìí ti le jù.”

“Ibi tí mo máa ń jókòó sí nìyí.”

Bàbá mi ra agboòrùn ńlá fún un. Ó dúpẹ́, ó gbé e ti ògiri. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Ará ọ̀nà rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa dáadáa. Wọ́n tún rí arúgbó tó jókòó sínú oòrùn níwájú rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sì ń béèrè. Nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ká páànù lórí wa, àwo ni ìyá àgbà ń gbé kiri tó fi ń gbe omi. Kò wo ojú bàbá mi.

Títí di òní, tí mo bá rí àgbàlá tó ń dán, ojú mi á máa wá àpótí rẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú igi ìlú ní gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò kan ń wọ́wé sórí mọ́tò mi nílé. Mo ní kí wọ́n gé e.