Oògùn Tí Bàbá Mi Kì í Gbà Lọ́wọ́ Ìyàwó Wọn

Bàbá mi, Gbénró, já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá títí irun wọn fi funfun. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe, sìgá ni wọ́n sì fi ń lé oorun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dé, wọ́n lo oògùn, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀. Ló bá di ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 2009, wọ́n gba makirofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Boundary, wọ́n jẹ́rìí pé Olúwa ti wo àwọn sàn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ti jẹ́rìí ò gbọdọ̀ lo oògùn mọ́. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lẹ́nu, ó ti sọ Ọlọ́run di onírọ́ nìyẹn. Bàbá mi da tiwọn sí gọ́tà. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi.

Nígbà tó yá, wọ́n jáde lọ ra búrẹ́dì, Marine Beach lọ́hùn-ún la ti rí wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Èmi àti ìyá mi, Àdùfẹ́, gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà Tẹjúmọ́lá wo àwòrán ọpọlọ wọn, kò sì tàn wá.

“Iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́pọlọ Bàbá ti dí káàkiri. Jíìnì, ìyẹn àbùdá tí wọ́n bí mọ́ wọn, ò yí padà o. Ó dà bí ìgbà tí iná wà nílé, tí súìṣì wá há. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, àìsùn, gbogbo ẹ̀ lè sàmì sára jíìnì, kí èyí tó yẹ kó ṣiṣẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Ṣé kò sóògùn tó lè nu àmì yẹn kúrò, Dókítà?” ìyá mi béèrè.

“Wọ́n ṣì ń ṣèwádìí ẹ̀, Mà. Kò sí èyí tí mo lè kọ fún yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kù, kí àìsàn náà má baà yára gba ìyókù ọpọlọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó o.”

Ẹ̀pà ò bóró mọ́. Síbẹ̀ ìyá mi ń fún wọn lóògùn láràárọ̀, torí pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: kí ọkọ wọn ṣì máa pe orúkọ wọn.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn oògùn náà dà nù lọ́wọ́ ìyá mi. “Ta nìyí? Abeg, comot! Olè wọlé o!” Lọ́wọ́ tèmi, wọ́n á gbà á, torí wọ́n rò pé èmi ni ìyá mi, ọmọge tí wọ́n fẹ́ sílé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á pè mí ní Àdùfẹ́, wọ́n á lanu.

Nítorí náà, tí àkókò oògùn bá tó, ìyá mi á bọ́ síta, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí ọkọ wọn má baà rí wọn.

“Ṣé bàbá ẹ pe orúkọ mi?” wọ́n á bi mí tí mo bá ṣílẹ̀kùn.

“Wọ́n pè é, Mà.”