Mùjídá Kì í Fi Orí Sílẹ̀ Lágbedeméjì

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Onitsha lọ́jọ́ Sátidé, ẹ óò rí ọgbọ́n. A ó di ìlà méjì fún ẹnì kan, a ó sáré lọ fọ irun ẹlòmíràn, a ó ti ẹnì kẹta bọ abẹ́ dráyà, kí ẹnikẹ́ni má baà sá lọ bá onídìrí kejì. Bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà nìyẹn: a ò ní parí tiẹ̀, kò sì ní lè lọ.

Mùjídá ló ba ọgbọ́n náà jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Trans-Nkisi. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ní ọ̀tísìmù, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba nǹkan yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Mo mirí bí ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò: ìlà irun tó bá dì máa ń gún bíi ti rúlà.

Ní Sátidé kan, ó ń dirun fún ìyàwó tuntun tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó dé ìdajì ni mo kígbe: "Mùjídá, fi ìyẹn sílẹ̀, wá fọ orí yìí!"

Ó dúró gbagidi. Mo tún pariwo. Ó fọwọ́ di etí, ó bú sẹ́kún.

Kíá, obìnrin tó ń retí kí a fọrun òun di dókítà. "Dis one no be ordinary o," ló wí. "Carry am go church!"

Ọmọ Mùsùlùmí ni Mùjídá, àmọ́ ta ló bi í léèrè?

Ìyàwó náà ń sunkún, ìdajì orí ló ṣì ta gíẹ́gíẹ́. Mo pe ìyá Mùjídá lórí fóònù.

"Àǹtí, kì í ṣe oríkunkun," ó ní. "Òjijì ni kò lè gbà. Ẹ máa sọ ohun tó kàn fún un kó tó kàn."

Mo pa dráyà àti rédíò, mo sì dúró títí ó fi dákẹ́.

"Parí irun ìyàwó," mo ní. "Lẹ́yìn náà, wàá sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó fọrun."

"Mi ò ní fọ nǹkan kan kí n tó parí?"

"O ò ní fọ̀ ọ́."

Ó parí rẹ̀. Ìyàwó kò pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ ló pẹ́.

Látìgbà náà, orí kan lẹ́ẹ̀kan la ń ṣe. Mùjídá pẹ̀lú kọ́ bí a ṣe ń yí padà: tó bá parí ọ̀kan, á sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó tán. Òmíràn ló kàn."

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo fa kóòmù gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn pé kó lọ gbálẹ̀. Mùjídá wò mí.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un ná."

Èmi ọ̀gá pátápátá, mo dá kóòmù padà.