Ògbufọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Aṣọ Funfun

Mo jowú rẹ̀. Kò sí ìdí tí màá fi máa bò ó mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ ogbó mi. Èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ kan nítòsí Ọ̀rányàn, nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn orí òkè Màpó lọ́wọ́. Òyìnbó tèmi dán ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ará Èkó kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ sinimá wá sí ilé ìwé wa, òun ni wọ́n ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, kó máa túmọ̀ rẹ̀ fún èrò. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fi ẹní dí fèrèsé, kí iyàrá lè ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan.

Sinimá ìgbà yẹn kì í sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló máa ń jáde láàárín àwòrán, ògbufọ̀ á sì kà á fún èrò ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í dúró de ìyẹn. Bí àwòrán bá ti ń ṣí ló ti ń mọ irú èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tó dá páropáro la kọ́kọ́ rí, tàbí òjìji lára ògiri tí a kò tíì rí ẹni tó ni ín, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má retí ìgbéyàwó nínú eléyìí." Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Mo kórìíra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, nítorí ariwo ni àwọn ọmọ máa ń pa bí mo bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Èyí tó dùn mí jù ni ọmọ ìyá aláró kan láti Pópó Yemọja, ọmọge tó máa ń jókòó síwájú níbi sinimá. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fẹ́ sọ fún un pé òun ni mo fẹ́ fi ṣe aya, ọ̀rọ̀ náà kò kàn jáde lẹ́nu mi ni. Bí sinimá bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ògbufọ̀ ló ń wò ju aṣọ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ará Èkó yẹn fi àwòrán tuntun han àwa méjèèjì, kí ògbufọ̀ lè mọ̀ ọ́n kó tó di Sátidé. Wọ́n pa bàbá arúgbó kan nínú ilé rẹ̀. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun la kọ́kọ́ rí, tó rọra ti ilẹ̀kùn, a kò sì mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà títí àwòrán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Dókítà ilé wọn ni. Bí mo ṣe rí èyí ni inú mi dùn, nítorí mo ti rí ohun tí màá fi ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo kọ́kọ́ yà sí ilé ìyá aláró. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, títí kan ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà mo yí Ọjà'ba po, mo dé Bẹẹrẹ. Gbogbo ẹni tí mo bá kí ni mo ń fi kún un fún pé, "Dókítà ló pa á o." Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ ìparí kò ní í fetí sí ògbufọ̀ mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ jáde lórí aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Òun nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ògbufọ̀ wo èrò, ó rí i pé wọ́n ti mọ̀. Mo ń retí kó wá ọ̀rọ̀ tì, ṣùgbọ́n ńṣe ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu mọ́. Dókítà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó bọ gbogbo ará ilé lọ́wọ́, ó fọwọ́ pa ọmọ kékeré lórí. Ká ní a kò mọ̀, àlejò ọmọlúàbí la ò bá pè é. Ó fa àga mọ́ bàbá arúgbó náà.

Ògbufọ̀ ní, "Ó ti jókòó."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mira. Èmi tí mo ti wò ó lánàá, mi ò lè gbójú kúrò lára aṣọ náà.

Nígbà tí a túká, mo sin ọmọbìnrin náà lọ sílé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ká ní ẹ ò sọ ni, mi ò bá má mọ ẹni tó yẹ kí n bẹ̀rù."

Mo yára ẹsẹ̀; ó sáré bá mi, ó ní,

"Ẹ rí bí ògbufọ̀ wa ṣe dákẹ́? Ọkùnrin tó lè dákẹ́ báyẹn á gbọ́ tẹnu ìyàwó." Ó rìn díẹ̀ sí i. "Ṣé wọ́n ti ní àfẹ́sọ́nà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa pé kò ní.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan fún èèyàn."

Mo wádìí. Èmi náà ni mo ṣe alárinà wọn.