Ẹ Bá Mi Fún Ọmọ Mi

"Ẹ-Rẹ́rìn-ín" ni gbogbo àdúgbò ń pe fọ́tógíráfà yìí, torí igbe tó máa ń ké mọ́ ẹni tó bá jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òun gan-an ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ká a lára. Màmá ti ń gbàgbé nǹkan, nọ́ọ̀sì sì ní kó máa fi ibi tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n, bóyá ìyókù tí wọn ò tíì gbàgbé á dúró. Ló bá gbé màmá sínú ọkọ̀, ó di ọ̀nà abúlé wọn àtijọ́. Ó fẹ́ ya gbogbo ibẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wọn.

Abúlé ọ̀hún náà kúkú ti ń pòórá. Katapílà ti wó ìdajì oko. Koríko ti bo ilé ìwé, afárá onígi ku òpó méjì péré. Bó ṣe ń yà á ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́.

Màmá ńkọ́? Háà, màmá jí pépé!

"Dúró, ọkọ mi! O ò rí odò tí mo ti ń pọnmi? Ibí ni mo ṣubú sí tí bàbá ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ara Ẹ-Rẹ́rìn-ín yá gágá. Nọ́ọ̀sì yẹn mọṣẹ́ jàre!

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, igi ọsàn iwájú ilé nìkan ló ṣẹ́kù. Ó fi màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó tún ìborùn wọn ṣe, ó padà sídìí kámẹ́rà. Màmá wò ó títí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ kẹ̀? Ìyá tó bí i lọ́mọ, tí kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ láéláé?

"Màámi, èmi mà ni."

"Mo mọ̀, ẹ̀yin fọ́tógíráfà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fọ fọ́tò náà tán, ẹ bá mi fún ọmọ mi ní ọ̀kan. Iṣẹ́ yín yìí lòun náà ń ṣe. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn pẹ́ tó ti wá wò mí ni."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó forí pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà.

"Màá fún un, mà."

Ó fẹ́ ké igbe "Ẹ rẹ́rìn-ín!" rẹ̀, igbe ò jáde. Màmá ti ń rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n ń dúró dè é.