Ìrọ̀rí Tó Ga Jù

Ìyá mi ń rán ìrọ̀rí tà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí òwú ti gbà tán, tó fi jẹ́ pé bí ẹni kan bá sín níbẹ̀, gbogbo wa la máa gbọn òwú kúrò nínú irun. Ìyá Onírọ̀rí ni àdúgbò ń pè é. O ò lè wọlé kó o kàn na ọwọ́ sí ìrọ̀rí pé eléyìí lo fẹ́. Á kọ́kọ́ bi ọ́ bó o ṣe ń sùn. Lójú tiẹ̀, irú èèyàn mẹ́ta péré ló wà láyé: afẹ̀gbẹ́sùn, afẹ̀yìnsùn àti adojúbolẹ̀. Afẹ̀gbẹ́sùn á dúró ti ògiri, ìyá mi á fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ etí dé ibi tí èjìká parí sí, torí àlàfo yẹn gan-an ni ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ dí. Afẹ̀yìnsùn, pẹlẹbẹ ló máa rán tiẹ̀. Adojúbolẹ̀, á kọ́kọ́ bá a wí ná. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló máa ń sọ bó bá ń ki òwú, ì báà jẹ́ bàbá arúgbó ló jókòó síwájú ẹ̀.

Obìnrin yìí kan náà, ọdún mẹ́rin ni ọrùn tiẹ̀ fi wọ́. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ló ń yí. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tó ń rán, abẹ́rẹ́ ti gún un lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì mọ̀ títí mo fi fi hàn án. Dókítà ní iṣan ọrùn ẹ̀ ló ń fún, pé ìrọ̀rí tó ń lò ga jù, bí kò bá sì pààrọ̀ ẹ̀, ọwọ́ yẹn ò ní lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Onírọ̀rí ni wọ́n ń sọ fún o. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo mọ ìrọ̀rí tí wọ́n ń sọ, ẹ̀rín náà ò sì jáde.

Ìrọ̀rí bàbá mi ni. Awakọ̀ típà ni bàbá mi, ẹ̀yìn ló fi ń sùn, ìjókòó mọ́tò sì ti ba ọrùn ẹ̀ jẹ́. Pẹlẹbẹ ló yẹ ẹ́, ìyá mi sì mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ń hanrun débi pé fèrèsé ń gbọ̀n, ni ìyá mi bá rán ọ̀kan tó ga, tó le, pé bóyá orí tó gbé sókè á pa ìhanrun náà. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni bàbá mi fi lò ó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìwo ẹ̀yìn, bàbá mi ò sì jí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi há gbogbo aṣọ ẹ̀ fáwọn èèyàn, ó wá gbé ìrọ̀rí náà sórí ibùsùn ara ẹ̀. Ìfẹ́ ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tá a rí dókítà, inú bí mi. Mo gbé ìrọ̀rí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú àlùmọ́gàjí láti fi gé e.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá mi wí.

"Màámi, ọwọ́ yín ń kú lọ."

"Mo ní kó o gbé e sílẹ̀. Òun ló pa bàbá ẹ."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni.

"Mo mọ ìwọ̀n wọn," ló sọ. "Mo mọ̀ ọ́n ju ti oníbàárà kankan lọ. Torí kí èmi lè rí oorun sùn ni mo ṣe ki òwú sí i. Wọ́n ní, 'Ìrọ̀rí yìí ga jù.' Mo ní, 'Ó máa mọ́ yín lára.' Ìgbà tẹ́ ẹ pè mí délé, orí wọn ṣì wà lórí ẹ̀, àgbọ̀n wọn kan àyà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló pa wọ́n, ìdí tí mo fi ń sùn lé e nìyẹn. Kò tíì pa mí. Ṣùgbọ́n mo ti ń mọ bó ṣe ń ṣe é."

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Èmi ni mo gbé ìrọ̀rí náà sábẹ́ orí bàbá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé láti jí i. Ìrọ̀rí wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi tó jù ú sí. Apá ẹ̀ ló fi rọrí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo mọ̀ pé èrò máa tó kún yàrá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá bàbá mi bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Mo na ẹsẹ̀ ẹ̀, mo pa ẹnu ẹ̀ dé, mo gbé ìrọ̀rí sí i lábẹ́ orí, kí n tó jáde lọ kígbe. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń ka irú ìyẹn sí ọ̀rọ̀?

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ta lẹ jọ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Bàbá ẹ náà ò mọ irọ́ pa."

Mo fi bàbá mi búra. Ó gbá mi lẹ́nu wẹ́rẹ́. "Má fi òkú búra. Màá pààrọ̀ ẹ̀, nítorí tìẹ. Ó tó."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Irọ́ ni ìyá mi pe tèmi, ó sì rà á torí pé ó fẹ́ràn mi. Ó dúró ti ògiri fúnra ẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo sì rán èyí tó bá a mu. Ọrùn ẹ̀ ti ń nà. Ìka ẹ̀ ti ń mọ abẹ́rẹ́ lára. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì sí i láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọlé, ó ní ọkọ òun ń hanrun, pé kí wọ́n bá òun rán èyí tó ga.

"Mi kì í rán gíga fún ẹni tó ń hanrun," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Mo ti fi pa èèyàn rí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìyá mi bá a rín in. Èmi bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo ń ya òwú.