Gbèsè Tí A Kò Sọ Sókè

Ní ilé wa ní Ìṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọdún tuntun kí bàbá mi tó sọ gbèsè rẹ̀. A ó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, iyán á ti wà nínú àwo, òórùn ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ á ti gba gbogbo ilé, ebi á sì máa hàn wá léèmọ̀. Bàbá mi á wá dìde, á di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, á sọ nǹkan mẹ́ta: iye tí òun jẹ, ohun tí òun fi owó náà ṣe, àti iye tó kù. Lẹ́yìn náà ni ọmọ tó kéré jù nínú ilé á tún un sọ, kó má baà di àríyànjiyàn lọ́la. Èmi ni ọmọ tó kéré jù. Mo ti mọ gbèsè bàbá mi lórí kí n tó mọ ìsodipúpọ̀ eéjì.

Àwọn ará àdúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irú ọkùnrin wo ló ń fi ìtìjú kí ọdún káàbọ̀. Bàbá mi kì í dá wọn lóhùn. Ohun tó máa ń sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ ni pé gbèsè tí a bá dákẹ́ lé lórí, inú òkùnkùn ló ti ń bímọ.

Oko kòkó wa tó wà lọ́nà Ẹmùré ló fi dógò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí, ló wọ ilé ìwé gíga, owó ilé ìwé náà sì ju agbára bàbá mi lọ. Ẹni tí kò bá jẹ irú ìyà yìí rí lè rò pé ọ̀rọ̀ ìdógò rọrùn. Olówó á yá ọ lówó, á gba oko lọ́wọ́ rẹ, á máa ká kòkó ibẹ̀ títí ìwọ yóò fi kó odidi owó rẹ̀ wá. Gbogbo kòkó tó ń ká lọ́dọọdún kò dín gbèsè yẹn kù ní kọ́bọ̀. Òun kò gbọdọ̀ gé igi, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ já èso kan ṣoṣo. Bí a bá ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wa, ẹ̀gbẹ́ oko kòkó náà la máa ń gbà kọjá, àwọn alágbàṣe olówó á máa fi dòjé já kòkó tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, bàbá mi á sì kí wọn pé, “Ẹ kú uṣẹ́ o.” Ní ọjọ́ kan mo já ẹyọ kan, mo fọ́ ọ, mo ń lá omi rẹ̀. Bàbá mi mú mi lọ́wọ́, èèpo kòkó ní ọwọ́ mi kejì, ó di ilé olówó. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀. Òun náà dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkùnrin tí ó fi ọdún púpọ̀ jù lọ ni ó dọ̀bálẹ̀ fún yẹn.

Mo ti wọ ìwé kẹta girama kí ó tó rí owó náà san. Ní ọdún tuntun tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní a kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi wá kì wá nílọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, pé oko náà ti di ti àwa méjèèjì, bí ọ̀ràn bá sì dé tí ẹnì kan nínú wa bá tún fẹ́ fi í dógò, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè ní etí èkejì. Kò sọ pé ká má jẹ gbèsè o. Òun náà mọ̀ pé ayé kì í lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kú. Mo di olùkọ́ nípa ọ̀rọ̀ ajé ní Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni mo kọ́lé sí, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní Ìṣẹ́, ó ń mójú tó oko, ó ń mú ìdajì owó kòkó wá fún mi lọ́dọọdún. Ó tún di olóṣèlú. Kì í ṣe olóṣèlú ńlá, ti wọ́ọ̀dù ni, èyí tó ń kó èrò lọ sí ìpàdé, tó ń pín ìrẹsì, tó mọ ilé tí ó gba owó àti èyí tí kò tíì gbà á. Dìbò kó o sebẹ̀, òun ni wọ́n ń rán kó gbé owó ọbẹ̀ náà kiri.

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ọgbọ́n òṣèlú ìlú wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò sí lórí àlééfà, bó bá ti wá sí Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba àpapọ̀ ló máa ń gbé jókòó. Ó ní wọ́n ti yá owó títí wọ́n fi ta ọmọ tí a kò tíì bí. Inú mi máa ń dùn, mo rò pé ọmọ bàbá mi ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kó ẹrù rẹ̀, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ tó ń jọba. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi ń sọ fún mi pé orílẹ̀-èdè wo ni kì í yáwó, pé àìmọ̀wé ló ń dààmú àwọn tó ń pariwo. Ó sọ ọ́ fún èmi, tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ náà! Bí ẹgbẹ́ kejì bá sì gbàjọba lọ́la, àwọn náà á gbé orin wọn jù sílẹ̀, wọ́n á gbé ti ẹni tí wọ́n lé kúrò. Gbèsè náà kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Ó ń ga sí i ni, ọ̀gá kan lọ, ọ̀gá kan dé.

Èmi mọ ibi tí ó ti ta bá mi. Mo fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì mi kò jáde. Bí a bá lọ béèrè, wọ́n á ní owó tó ti Àbújá wá kò tó nǹkan, pé wọ́n ti yọ owó gbèsè kí ó tó dé. A bi wọ́n pé gbèsè èwo, wọ́n ní ti àwọn tó ti lọ. Mo wà lórí ìlà yẹn títí àwọn kan nínú wa fi kú níbẹ̀. Ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù, nítorí nǹkan funfun ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù. Owó rẹ̀ ni kò kéré.

Nínú ìyà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe mí lóore. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó bá ìyàwó mi níbi tó ti ń fọwọ́ tálẹ̀ wá ẹnu kànga, ó bá a fa omi náà. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó ń gbẹ́ bóòhòlù dé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gbé táǹkì sórí òpó, wọ́n fa ẹ̀rọ omi wọ ilé ìdáná. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bú àwọn olóṣèlú fún àwọn ojúgbà mi bí mo ṣe máa ń ṣe, mo wá ń fi ẹ̀rín sọ pé, ó kéré tán, díẹ̀ ti kán sílẹ̀ fún èmi náà. N kò bi ẹ̀gbọ́n mi pé níbo ni owó ti wá. Mo ṣáà ti gbà pé owó òṣèlú ni.

Nígbà tí ìbò tún súnmọ́lé, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú pe àwọn tó fẹ́ ṣojú wa ní Àbújá sí gbọ̀ngàn ní Ìṣẹ́, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Mo wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, fìlà ẹgbẹ́ lórí gbogbo wọn. Nígbà tí àyè ìbéèrè dé, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sì béèrè ìbéèrè bàbá mi: èló ni orílẹ̀-èdè yìí jẹ, kí ni wọ́n fi ṣe, èló ló kù? Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jọba dìde, ó ní àwọn bá gbèsè nílẹ̀ ni. Àwọn tirẹ̀ pàtẹ́wọ́. Èkejì dìde, ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ló sọ ọ́ di òkè. Àwọn tirẹ̀ náà pàtẹ́wọ́. Mo ní n kò béèrè ẹni tó jẹ ẹ́, iye rẹ̀ ni mo béèrè, kí olúkúlùkù sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ta ló rán mi níṣẹ́. Apá kan gbọ̀ngàn ní èmi ni ẹgbẹ́ kejì rán, apá kejì ní ẹgbẹ́ tó wà níjọba ni, wọ́n ti fún mi ní bóòhòlù. Wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò yíjú pa dà wò mí. Wọ́n pín ìrẹsì nígbà tí a ń jáde, mo sì gba tèmi, kí n má purọ́.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ fún wọlé. Lẹ́yìn èyí ni kòkó gbówó lórí ju bí a ti rí i rí lọ, tí àwọn tó ti sá kúrò lóko ń fi ọ̀kadà pa dà sí i. Owó kòkó tí ẹ̀gbọ́n mi ń mú wá ti kéré láti ìgbà mélòó kan, ó ní òjò ni, ó ní àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ni. Mo sọ fún ìyàwó mi pé lọ́dún yìí, ìdajì tiwa nìkan á tó ojú rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mo ní kí n lọ wo oko fúnra mi kí wọ́n tó ká a tán.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí wọn. Àwọn alágbàṣe tí n kò mọ̀ rí pọ̀ nínú oko, dòjé lọ́wọ́ wọn, òkìtì kòkó nílẹ̀, pupa àti yẹ́lò. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti kí wọn pé ẹ kú uṣẹ́ o. Ọ̀gá wọn dá mi lóhùn dáadáa. Ó ní olówó àwọn tó wà ní Ẹmùré ló ni oko, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ti fi í dógò. Ó ní ìgbà kẹta tí àwọn ń ká a rèé, pé onítọ̀hún tún ti wá gbowó lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ka iye ìgbà kọ̀ọ̀kan fún mi. Èso kan ṣubú sí ẹsẹ̀ mi. N kò bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìbò gbé wọlé ló ń pè, kì í gbé e. Ó wo ojú mi, ó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, kò jiyàn, ó ní owó díẹ̀ tí òun ń mú wá bí owó kòkó, àpò òun ló ti ń wá. Ó ní owó ìbò ni, pé ọkùnrin náà ṣèlérí láti dá a pa dà kí òjò tó rọ̀. Mo ní ṣé ó ti gbàgbé ohun tí bàbá wa sọ ni. Mo ní ó pa mí lẹ́ẹ̀mejì, ó fi oko dógò lẹ́yìn mi, ó tún parọ́ òjò fún mi. Mo pè é ní olè. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí mi. Ó jókòó, ó fi fóònù sórí itan.

“Àkọ́kọ́ tí mo gbà lórí ugi kòkó yẹn, kì í ṣe ti ìbò,” ó ní. “Mo fi gbẹ́ bóòhòlù sí ulé rẹ. Ìwọ tó lọ ń bèèrè gbèsè ùlú ní gbọ̀ngàn, ṣé o bi mí léèrè?”

Mo jáde kúrò níbẹ̀. Mo wọ mọ́tò pa dà sí Ìkẹ́rẹ́, inú sì ń bí mi sí i gbogbo ọ̀nà. Mo bínú sí i nítorí pé ó fi oko bàbá wa ṣe òṣèlú. Mo bínú sí i jù nítorí pé kò jẹ́ kí n bínú sí i dáadáa. N kò sì sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé. Mo ní kòkó kò tíì gbó tán. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, bó bá bi mí, mo tún ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ìjọba lèmi náà ń pa nínú ilé mi.

Ní àárọ̀ ọdún tuntun, àwọn ọmọ wa wá láti Èkó àti Ìbàdàn. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, iyán wà nílẹ̀. Mo dìde, mo di ẹ̀yìn àga mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, àwọn ọmọ rò pé àdúrà ni mo fẹ́ gbà, wọ́n di ojú wọn. Mo sọ pé a ti fi oko bàbá mi dógò fún olówó kan ní Ẹmùré. Mo sọ iye tí ẹ̀gbọ́n mi gbà fún bóòhòlù wa, mo sọ iye tó gbà fún ìbò, àti pé ẹni tó fi gbé wọlé kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Mo sọ pé n kò mọ ìgbà tí a ó gbà á pa dà, àti pé kò sí owó iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó tún un sọ. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, àkọ́bí ní ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìṣẹ́ ni, èkejì ní ẹjọ́ ẹni tí kò gbé fóònù ni.

Ìyàwó mi na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó ń fọwọ́ wá ife.

“Dádì,” ó ní, “ẹ bá mi gbé omi yẹn. Ojú mi ni ẹ fi gbẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí n mu ún.”

Mo gbé e lé e lọ́wọ́.