Ìka Kúkurú Nínú Àwòrán Òkun

Tí wọ́n bá ní kí ẹ ya omi òkun, ẹ lè rò pé kò le. Búlúù díẹ̀, funfun díẹ̀, ó parí. Irọ́ gbuu! Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lo ọdún mọ́kànlélógún nídìí rẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba Olómi. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, irú èyí tí kò sí owó téèyàn lè fi ra ojúlówó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irú ẹ̀ sí pálọ̀ á mú fọ́tò wá, Baba Olómi á fi ọwọ́ yà á. Kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò. Òfin iṣẹ́ nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣe é ni pé á fi rúlà pín fọ́tò sí onígun mẹ́rin kéékèèké, á pín aṣọ tó fẹ́ yà á sí bákan náà, á wá dorí méjèèjì kodò. Tí àwòrán bá dorí kodò, ojú ò ní mọ ohun tó ń wò, ọwọ́ á kàn máa ya ohun tó rí. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í yí i mọ́. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń bá a yí i tí iṣẹ́ bá tán.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yẹn ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí bá àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá iṣẹ́. Ó pè nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, kò sì pè mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ló lè máa fi pa òwe lásán.

Ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ òun wà láàyè. Kì í jẹ́ kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, torí ọmọ ò mú kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ dání. Ilẹ̀kùn yẹn náà ló gé ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ọmọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ku ìdajì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Baba Olómi á pa á dé lásán, á ní, "Fóònù ẹ̀ ló máa ti sọnù, Mọ́mì." Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Àbí ẹ̀yin náà rí i?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gá yí àwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán padà, ó gbé e ti ògiri. Ọkọ̀ ńlá kan ló forí sọ àpáta nínú ìjì. Ọkùnrin kan wà nínú omi, ó kẹ́yìn sí wa, orí rẹ̀ àti ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ọ̀gá, tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ, mú fọ́tò sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin Baba Olómi, ìka márùn-ún ló wà níbí o. Mẹ́rin àbọ̀ ni tiyín."

Baba Olómi rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ ogbó ló dé, òun gbàgbé gíláàsì ojú òun sílé. Ó sún mọ́ àwòrán náà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tó dúró sí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi wọlé, gíláàsì lọ́wọ́. "Ẹ ò bá kúkú gbàgbé orí yín náà sílé!" Ó kí Ọ̀gá, ó wá bojú wo ògiri.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó nawọ́ sí ọwọ́ inú omi náà, kò fọwọ́ kàn án, torí ọ̀dà ò tíì gbẹ.

"Ta ló sọ fún yín pé inú omi ló wà?"

"Mọ́mì, àṣìṣe ni. Mo dorí ẹ̀ kodò ni, mi ò mọ ohun tí mò ń yà."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Òun ló dùn mí jù." Ó gbé gíláàsì sórí tábìlì. "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ ti sin ọmọ mi, ẹ ò sọ fún mi."

Ọ̀gá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, rọra bá ẹ̀yìn jáde.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Baba Olómi wí. "Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ìwọ náà á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Obìnrin náà kẹ́yìn sí i. Ó lọ sílé.

Ẹni tó ni àwòrán ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, òfin iṣẹ́ kò sì yí padà. Baba Olómi wọ gíláàsì. Kò dorí àwòrán kodò lọ́tẹ̀ yìí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, ó fi ìyókù ìka kún ìka. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọwọ́ náà di ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ọkùnrin náà sì jókòó síwájú rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jẹun tán. Baba Olómi dìde, ó pa ilẹ̀kùn dé lásán bí ìṣe wọn. "Fóònù ẹ̀..." Àṣà ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ dákẹ́, Dádì."

Ìyàwó rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó kì í bọ ihò ilẹ̀kùn. Ihò náà ti dógùn-ún, kọ́kọ́rọ́ ò yí. Ó fi gbogbo agbára yí i, kò gbọ́. Ọkọ rẹ̀ wá fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ yí i kí ilẹ̀kùn tó tì.